Igbó fún ìrora endometriosis: ohun tí ìwádìí ti rí àti ibi tó kù sí

Ẹni tí endometriosis ń bá jà kì í pẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan pé igbó tàbí òróró CBD, èròjà kan tí wọ́n ń yọ lára igbó, ló gba òun. Ẹni náà á tún fi kún un pé ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bó bá wá dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà lè ní kò tíì sí ẹ̀rí. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ń pè ní ìwádìí àti ohun tí dókítà ń pè ní ẹ̀rí ni kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń rú èèyàn lójú.

Kí á tètè mú ti àìsàn náà kúrò nílẹ̀. Endometriosis ni kí ẹran ara tó jọ awọ inú ilé ọmọ máa hù síbi tí kì í ṣe inú ilé ọmọ: lára ilé ẹyin, lẹ́yìn ilé ọmọ, lára ìfun, lára àpò ìtọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹran àṣìhù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí obìnrin 10 nínú 100 tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ní in, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 190 káàkiri ayé. Inú rírun nígbà nǹkan oṣù ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ìrora tí kì í dúró de nǹkan oṣù náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìrora nígbà ìbálòpọ̀, nígbà ìgbẹ́ àti nígbà ìtọ̀. Oògùn ìrora bí ibuprofen àti naproxen wà, họ́mónù bí dienogest 2 mg lójúmọ́ wà, oògùn tó ń dín estrogen, họ́mónù obìnrin, kù bí elagolix wà, iṣẹ́ abẹ náà wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń fa àìsàn náà tu tegbòtegbò. Họ́mónù kì í bá gbogbo ara mu, ẹni tó sì ń wá oyún kò lè máa lò ó. Ta ni yóò wá bá obìnrin wí pé ó ń wá nǹkan mìíràn?

Ohun tí igbó ń bá pàdé nínú ara

Èròjà inú igbó pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n méjì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. THC ló ń yí èèyàn lórí. Ọdún 1964 ni Yehiel Gaoni àti Raphael Mechoulam yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Ísírẹ́lì. CBD kì í yí èèyàn lórí, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ òróró tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe èròjà tó fìwà jọ THC. Wọ́n rí ọ̀kan tó ń jẹ́ anandamide ní 1992, wọ́n rí 2-AG ní 1995. Lára sẹ́ẹ̀lì, ojú méjì ló wà tó ń gba àwọn èròjà wọ̀nyí: CB1, tó pọ̀ nínú ọpọlọ àti lára iṣan ìmọ̀lára, àti CB2, tó pọ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara. THC máa ń so mọ́ CB1 dáadáa. CBD kì í fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ ọn, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìwádìí tó yin THC, ẹ má gbé oríyìn rẹ̀ fún ìgò CBD.

Ẹran àṣìhù kì í dá wà. Iṣan ìmọ̀lára máa ń hù wọ inú rẹ̀, àwọn iṣan yìí ló sì ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ní 2010, àwọn olùwádìí kan rí CB1 lára irú iṣan bẹ́ẹ̀ nínú eku tí wọ́n fún ní àìsàn náà. Èròjà tó ru CB1 sókè dín ìrora eku náà kù, èyí tó dí i lọ́nà sì fi kún ìrora. Ní 2020, ikọ̀ kan ní Barcelona fún èkúté ní THC, 2 mg fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Ìrora èkúté náà dín kù, àpò omi tí àìsàn náà ń mú wá kò sì dàgbà bó ṣe dàgbà lára àwọn tí kò gba THC.

Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn oníròyìn ti máa ń sáré ṣáájú ẹṣin. Ẹni tó bá fi 2 mg sọ 60 kílò di púpọ̀ á ní 120 mg, ìwọ̀n THC tó lè gbé ẹni tí kò lò ó rí dé ilé ìwòsàn. Ara èkúté ń yára lo oògùn tán ju tiwa lọ, nítorí náà àwọn onímọ̀ oògùn máa ń kọ́kọ́ fi 12.3 pín ìwọ̀n tiẹ̀. 2 mg á di bíi 0.16 mg fún kílò kan, ẹni 60 kílò á sì bọ́ sí nǹkan bí 10 mg. Èyí gan-an kì í ṣe ìwọ̀n tí a ní kí ẹnikẹ́ni gbé mì. Ibi tí olùwádìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrònú rẹ̀ nípa èèyàn lásán ni.

Ohun tí àwọn tó ń lò ó sọ

Ní Ọsirélíà, obìnrin 484 tó ní endometriosis dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ohun tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn láti fi tọ́jú ara. Nínú 100 wọn, 13 ní àwọn ń lo igbó. Àwọn wọ̀nyí fún un ní máàkì 7.6 nínú 10, òun ló sì gba máàkì tó ga jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n dárúkọ. Ó lé ní ìdajì wọn, ìdá 56 nínú 100, tó ní àwọn ti dín oògùn ilé ìwòsàn kù ní ìlàjì ó kéré tán.

Ní Kánádà, àwọn olùwádìí gba àkọsílẹ̀ inú áàpù fóònù kan tí àwọn tó ń lo igbó fún ìtọ́jú máa ń kọ nǹkan sí. Ènìyàn 252 tó ní endometriosis, ìgbà 16,193 tí wọ́n lò ó, láti oṣù kẹrin 2017 sí oṣù kejì 2020. Fífà sínú ni wọ́n fà á ní bíi ìgbà 67 nínú 100. Fífà ló ṣiṣẹ́ jù fún ìrora, gbígbé mì ló dára jù fún ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì àti ìṣòro ikùn àti ìfun. Ohun kan tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ìrora ni ọ̀pọ̀ torí rẹ̀ lò ó, ṣùgbọ́n ìṣòro ikùn àti ìfun ni wọ́n sọ pé ó sàn jù. Bí THC ṣe pọ̀ tó sí CBD kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà, bó ti wù kí àwọn tó ń tà á pariwo tó nípa rẹ̀.

Báwo ni dókítà ṣe máa rí gbogbo èyí kó tún ní kò tíì sí ẹ̀rí? Ẹ wo ta ló kù nínú áàpù náà. Ẹni tí igbó kò ṣe nǹkan kan fún, ẹni tó mú lóòyì tàbí tó bà lẹ́rù, ti pa áàpù rẹ́ láti ọjọ́ kẹta. Àwọn tó bá lára mu ló dúró tí wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ìrora endometriosis pẹ̀lú kì í dúró sójú kan: ó ń gùn, ó ń sọ̀. Kò sí ẹni tí í wá oògùn nígbà tó bá wà ní 3 nínú 10, ìgbà tó bá dé 8 ni. Ohun tó bá ti gun òkè dé góńgó, sísọ̀ ló kù. Bó bá jẹ́ omi gbígbóná ni èèyàn mu ní wákàtí yẹn, omi gbígbóná ni yóò yìn.

Hóró tí kò sí oògùn nínú rẹ̀

Ọ̀nà kan tó dájú láti yọ gbogbo èyí kúrò ni kí a fi ìbò pín àwọn aláìsàn sí méjì. Apá kan á gba oògùn, apá kejì á gba oògùn òfìfo, ìyẹn hóró tó jọ ọ́ ní àwọ̀, ní ìtóbi àti ní adùn, ṣùgbọ́n tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Aláìsàn kò gbọdọ̀ mọ èyí tó gbà, dókítà tó ń bi í léèrè náà kò gbọdọ̀ mọ̀.

Ẹ wo bí èyí ṣe rí nínú ìwádìí elagolix méjì tí èsì wọn jáde pa pọ̀ ní 2017, ọ̀kan pẹ̀lú obìnrin 872, èkejì pẹ̀lú 817. Wọ́n wo ìrora ìsàlẹ̀ ikùn tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù, ní oṣù kẹta. Nínú ìwádìí àkọ́kọ́, ìdá 50.4 nínú 100 àwọn tó gba ìwọ̀n kékeré ni ara tù dé ibi tí wọ́n fi ààlà sí. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó gba òfìfo, ìdá 36.5 ni ara tù dé ibẹ̀ náà. Ìwádìí kejì rí 36.5 kan náà lọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀. Obìnrin tó lé ní ẹyọ kan nínú mẹ́ta gbé hóró lásán mì, ara tù ú, kì í sì í ṣe pé ó ń díbọ́n. Iṣẹ́ tí a lè kà sí ti oògùn fúnra rẹ̀ kò ju bíi 14 lọ nínú 50 yẹn. Ti ìrora nǹkan oṣù ni oògùn náà ti fi ara hàn gan-an: 75.8 fún ìwọ̀n ńlá, 19.6 fún òfìfo.

Máàkì 7.6 àwọn obìnrin Ọsirélíà kò ní òfìfo tí a lè fi yọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè wo nọ́ńbà yẹn kó sọ èyí tó jẹ́ ti igbó nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ìrètí, ti ìsinmi tàbí ti ìrora tó fẹ́ sọ̀ tẹ́lẹ̀. Igbó sì ní ìrètí púpọ̀ lára. Ní 2022, àwọn kan kó ìwádìí oníbò 20 lórí igbó fún ìrora jọ, ènìyàn 1,459 ló wà nínú wọn, wọ́n sì rí i pé ìrora àwọn tó gba òfìfo náà dín kù dáadáa.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí elagolix kò ní. Báwo lèèyàn ṣe máa fi THC pamọ́ fún ẹni tó ń gbé e mì? Ẹnu á gbẹ, àyà á máa lù kìkì, ojú á pọ́n, orí á fúyẹ́. Ẹni tí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ sí ti mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n fún ní òfìfo, ẹni tí nǹkan kan kò ṣe náà ti mọ ibi tó wà. Ìwádìí tó bá mọ ohun tó ń ṣe á bi àwọn aláìsàn léèrè níparí: "Èwo lẹ rò pé ẹ gbà?" Ìdáhùn yẹn la máa ń wá kiri nínú ìwé ìwádìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí níbẹ̀.

Bí ẹnìkan bá rò pé àṣejù ni gbogbo ìṣọ́ra yìí, kó wo oògùn tó ń jẹ́ gabapentin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi ń kọ ọ́ fún ìrora ìsàlẹ̀ ikùn tó pẹ́ lára. Nígbà tí wọ́n wá fi ìbò pín obìnrin 306 ní Bìrìtìkó, tí èsì jáde ní 2020, kò sàn ju òfìfo lọ. Òòyì àti oorun kíkùn ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á. Lóòótọ́, àwọn obìnrin tí iṣẹ́ abẹ kò rí ẹran àṣìhù nínú wọn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan gbogbo wa.

Àwọn àjọ ńlá kò fẹnu kò

Ìwé ìṣègùn BMJ gbé àkójọ kan jáde ní 2021: ìwádìí 32, aláìsàn 5,174, lórí oríṣiríṣi ìrora tó pẹ́ lára. Bí 100 èèyàn bá lo igbó tí 100 sì lo òfìfo, àwọn tí ìrora wọn á fi máàkì kan ó kéré tán dín nínú mẹ́wàá á fi nǹkan bí ènìyàn 10 pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó lo igbó. Àwọn tó ka àkójọ náà fún BMJ ní dókítà lè dán èyí tí a kì í fà wò bí ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ kò bá tó; wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé ìmọ̀ràn tí kò lágbára ni. Lọ́dún kan náà, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí ìrora, IASP, ní àwọn kò lè fọwọ́ sí i. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà ní Bìrìtìkó, ti sọ ní 2019 pé kí wọ́n má ṣe fún aláìsàn ní THC fún ìrora tó pẹ́ lára, kí CBD sì wà fún inú ìwádìí nìkan. Àríyànjiyàn wọn kì í ṣe lórí nọ́ńbà. Ohun tí wọ́n ń jà lé ni pé ṣé ènìyàn 10 nínú 100 tó láti gbà kí àwọn yòókù máa ru òòyì àti oorun. Ìrora endometriosis kò sì pọ̀ nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyẹn rárá.

Àwọn ìwádìí oníbò lórí endometriosis fúnra rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ClinicalTrials.gov. Bí ẹ bá ṣí ọ̀kan, ẹ wo ohun mẹ́ta kí ẹ tó yọ̀: iye ènìyàn (ogún tàbí ọgbọ̀n kéré jù láti rí ìyàtọ̀ kékeré), ṣé òfìfo wà níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n sọ ṣáájú pé àwọn máa wọ̀n. Bí wọ́n bá sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ìrora nǹkan oṣù ni, tí wọ́n wá ń yọ̀ níparí pé oorun aláìsàn dára sí i, ẹ fura.

Fún ẹni tó fẹ́ dán an wò

Níbi tí òfin bá gbà á tí dókítà sì mọ̀ sí i nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ní 2021, ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀: CBD 5 mg, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí a fi 10 mg kún ti ojúmọ́ ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta síra, kó má kọjá 40 mg lójúmọ́. Ìgbà tí èyí kò bá tó ni wọ́n tó ń fi THC 2.5 mg kún un. Fún ara tí kò gba nǹkan, THC 1 mg, kí a sì fi 1 mg kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìrírí àwọn dókítà ló bí ìlànà yìí o, kì í ṣe ìwádìí oníbò.

Ìgò ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìgò tí wọ́n kọ "1500 mg, 30 ml" sí lára kò túmọ̀ sí 1500 mg lẹ́ẹ̀kan. 1500 pín sí 30 jẹ́ 50 mg nínú mílílítà kan. Bí mílílítà kan bá jẹ́ nǹkan bí 20 ẹ̀kán, ẹ̀kán kan jẹ́ 2.5 mg, nítorí náà 5 mg jẹ́ ẹ̀kán méjì péré. Ẹni tó fa rọ́bà ìgò náà kún dé ẹnu ti gbé ìlọ́po mẹ́wàá mì. Ohun tó wà lára ìgò gan-an lè má jẹ́ òótọ́: ní 2017, wọ́n yẹ ọjà CBD 84 tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò, 26 péré ni àkọlé wọn bá ohun inú rẹ̀ mu, wọ́n sì bá THC nínú 18. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ilé ìwádìí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ara ìgò mu.

Àkókò náà ṣe kókó. Èyí tí a fà máa ń ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì máa ń lọ ní wákàtí méjì sí mẹ́rin. Èyí tí a gbé mì ní láti kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, níbi tí THC ti ń di ohun mìíràn tó tún le ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé: obìnrin kan gbé 5 mg mì ní aago méje alẹ́. Ní aago mẹ́jọ kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò rí nǹkan kan, ó tún gbé 5 mg mì. Aago mẹ́sàn-án lù, méjèèjì dé pọ̀: yàrá ń yí, àyà ń já, ó rò pé òun fẹ́ kú. Ẹ dúró wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ tó ronú àfikún, ẹ má sì wakọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

CBD máa ń dí àwọn èròjà ẹ̀dọ̀ tó ń tú oògùn mìíràn ká lọ́wọ́, pàápàá CYP3A4, CYP2C9 àti CYP2C19. Warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lè pọ̀ jù nínú ara nítorí rẹ̀. Dienogest àti elagolix náà ń gba ọ̀dọ̀ CYP3A4 kọjá. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára oògùn yín pé ẹ má jẹ èso grapefruit pẹ̀lú rẹ̀, ẹ fi hàn dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ CBD. Ẹni tó ń wá oyún, tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ lo THC, nítorí ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹni tí àrùn ọpọlọ ti ṣe rí, tàbí tó wà nínú ìdílé rẹ̀, kó jìnnà sí i.

Èyí tó máa ń tan àwọn dókítà pàápàá jẹ ni èébì àti inú rírun tó máa ń bá ẹni tó ti ń lo igbó lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́. Obìnrin tó ní endometriosis á rò pé àìsàn òun ló le sí i, á sì fi kún igbó tó ń lò, ìyẹn ni pé ó ń bu epo síná. Àmì kan tó máa ń tú u fó ni pé omi gbígbóná ni ara rẹ̀ ń fẹ́: ó lè wẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ nítorí ìgbà yẹn nìkan ni inú máa ń rọlẹ̀. Kò sí ohun tó ń wò ó ju kí a pa igbó tì lọ.

Kí ẹ tó fi ohunkóhun kan ẹnu, ẹ kọ ìrora yín sílẹ̀ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù kan bá bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tí òmíràn á bẹ̀rẹ̀, láti 0 sí 10, pẹ̀lú iye hóró naproxen tàbí ibuprofen tí ẹ lò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ọjọ́ kìíní sí ìkẹta nǹkan oṣù yẹn wé ọjọ́ kìíní sí ìkẹta nǹkan oṣù tí ẹ ti ń lò ó, kì í ṣe ọjọ́ kejì wé ọjọ́ kẹwàá. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí máàkì yín kò fi ẹyọ kan dín, tí iye hóró tí ẹ ń gbé mì kò sì yí padà, kò ṣiṣẹ́ fún yín. Bó bá jẹ́ THC ojoojúmọ́ ni, ẹ ní kí dókítà bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè má rí oorun sùn fún ọjọ́ mélòó kan, ara á sì máa kan án.